Ẹ Kó Àjẹkù Jọ: Èèpo Èso, Omi Mímu àti Ẹ̀tọ́ Aládùúgbò

Àsọyé níbi ìpàdé àwọn ìdílé, Àgbárá

 

  Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́. Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n dáhùn kò gùn: ṣé òótọ́ ni pé èèpo èso tí à ń dà nù lè tún omi ṣe? Àwọn kan nínú wa ti rí i lórí fóònù pé kí a máa ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú omi, pé gbogbo májèlé inú rẹ̀ á bá a lọ. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni. Lónìí, ẹ ó rí i pé òótọ́ wà níbẹ̀, ewu náà sì wà níbẹ̀.

Ibi mẹ́ta ni kí ẹ ṣí nínú Bíbélì yín. Èkínní ni Jòhánù orí 6, ẹsẹ 12. Lẹ́yìn tí Jésù ti bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin yó, kò gbà kí wọ́n fi àjẹkù sílẹ̀ lórí koríko. Ó rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn pé kí wọ́n ṣà á, agbọ̀n méjìlá sì kún. Ẹni tó lè sọ búrẹ́dì márùn-ún di púpọ̀ kò fojú tín-ín-rín èérún. Èkejì ni Ẹ́kísódù orí 15, láti ẹsẹ 22 dé 25. Òùngbẹ ń gbẹ àwọn ènìyàn ní Márà, omi tí wọ́n sì rí korò. Igi kan tó wà nítòsí ni Olúwa fi han Mósè, òun ló sì fi sọ omi náà di dídùn. Ẹ̀kẹta ni Ìsíkíẹ́lì orí 34, ẹsẹ 18 àti 19. Níbẹ̀, Ọlọ́run ń bá àwọn àgùntàn tó sanra wí. Wọ́n mu omi tó tòrò tán, wọ́n wá fi ẹsẹ̀ da ìyókù rú fún àwọn tí kò lágbára. Ẹ fi nǹkan sí ojú ìwé ẹ̀kẹta yẹn, nítorí ibẹ̀ la máa parí sí.

OMI WA ÀTI PÀǸTÍ WA

Gbogbo wa la mọ ibi tí à ń gbé. Ní àwọn ọdún 1970 ni olóògbé Olóyè Adéyẹmí Lawson bẹ̀rẹ̀ ẹ̀sítéètì Àgbárá fún ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé. Láti ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ ọṣẹ, oúnjẹ, oògùn, ìgò àti ike ti ń pọ̀ sí i láàárín wa, títí dé Ìgbẹ́sà, Lùsàdà, Àtàn, Ọ̀tà àti Sàngó. Iṣẹ́ wọ̀nyí ló gbé púpọ̀ nínú wa wá síbí. Òun ló sanwó ilé, òun ló rán àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́. A kò ní sọ̀rọ̀ bí aláìmoore.

Ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé ọ̀pọ̀ ilé wa. Kànga la gbẹ́. Ẹni tó rọ́wọ́ mú gbẹ́ bóòhóòlù. Ẹni tí kò rọ́wọ́ mú ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, ó sì ń ra omi inú ọ̀rá fún mímu nígbà tí owó bá wà. Odò tó yí wa ká náà kò sinmi. Odò Owo ń ṣàn láti agbègbè wa lọ sí ìhà Èkó, omi rẹ̀ sì ni ilé iṣẹ́ omi tó wà ní Ìsàṣì ń fà. Ní ìhà Ọ̀tà, odò Illo àti odò Àtùwàrà wà níbẹ̀. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí méjì, Longe àti Omole, tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn lórí odò Illo jáde, wọ́n sì fi hàn pé omi ẹ̀gbin láti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran ń ba odò náà jẹ́. Àwọn olùwádìí ti yẹ odò Àtùwàrà àti odò Owo náà wò, nítorí omi tó ń jáde láti àwọn ilé iṣẹ́. Ohun tí à ń fi ojú wa rí, àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n.

Ẹ wá wo pàǹtí wa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, èèpo ọsàn ti di òkìtì. Àwọn ìyá tó ń dín ìpékeré ń da èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú gọ́tà. Àgbọn tó ń ti ọ̀nà Àgbádárìgì wá, a jẹ inú rẹ̀, a ju èèpo rẹ̀ sí ojú títì. Tí òjò bá rọ̀, gbogbo rẹ̀ á dí ojú àgbàrá, omi á wọ ilé, á sì kó ẹ̀gbin ṣáláńgá lọ sínú kànga. Pàǹtí èso tí a rò pé kò ní ewu wà lára ohun tó ń ba omi wa jẹ́. Tí a bá lè sọ ọ́ di ohun tó ń tún omi ṣe, èrè méjì ni.

ÌDỌ̀TÍ MẸ́TA LÓ WÀ

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ìdọ̀tí omi jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Mẹ́ta ni.

Èkínní ni èyí tí ojú rí: ẹrẹ̀, iyanrìn, ewé jíjẹrà, omi tó pọ́n bí irin tó dípẹtà.

Èkejì ni kòkòrò àrùn tí ojú kò rí. Òun ló ń fa kọ́lẹ́rà, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ìgbẹ́ gbuuru. Ní ọdún 2021 nìkan, àwọn tí wọ́n fura sí pé kọ́lẹ́rà mú ní Nàìjíríà lé ní 111,000, àwọn tó kú sì lé ní 3,600. Ní ọdún 2024, ó tún jà ní Èkó, ó sì dé ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí.

Ẹ̀kẹta ni májèlé tó ti yọ́ mọ́ omi: òjé, bàbà, aró, epo àti oríṣiríṣi kẹ́míkà. Òjé ló burú jù fún ọmọdé, nítorí ọpọlọ ló ń bá jà. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, òjé láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù pa ọmọ tó lé ní 400. Ní ìpínlẹ̀ wa gan-an, àyẹ̀wò tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2025 fi hàn pé òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn ní Ògíjó, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì àlòkù. Ìwọ̀n òjé tí ìlànà omi mímu Nàìjíríà gbà láyè kò ju mílígíráàmù 0.01 nínú lítà kan. Ojú kò lè rí i, ahọ́n kò lè tọ́ ọ wò.

Ìdọ̀tí kọ̀ọ̀kan ló ní oògùn tirẹ̀. Oògùn ẹ̀fọ́rí kì í wo ẹsẹ̀ tó dá. Omi tó mọ́ gaara lójú lè kún fún kòkòrò. Omi tí a sè dáadáa, tí kòkòrò rẹ̀ ti kú, lè ní òjé síbẹ̀. Kódà, bí omi ṣe ń gbẹ lórí iná, òjé kì í bá ooru jáde. Inú ìkòkò ló ń kù sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má gbàgbé èyí.

HÓRÓ TÓ Ń MÚ OMI TÒRÒ

Fún ìdọ̀tí èkínní, àwọn tó ń lo omi odò mọ álọ́ọ̀mù. Hóró mọ̀ríńgà náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn obìnrin Sudan ti ń fi irú hóró bẹ́ẹ̀ mú omi odò Náílì tòrò nínú ìkòkò. Obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan láti Jámánì, Samia Al Azharia Jahn, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ọgbọ́n wọn yìí, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún aráyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán an wò ní ilé iṣẹ́ omi Thyolo ní Malawi, ó sì ṣiṣẹ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹrẹ̀ tó fọ́n sínú omi ń ti ara wọn, ìdí nìyẹn tí kì í fi í silẹ̀ bọ̀rọ̀. Èròjà kan nínú hóró yìí ń fà wọ́n mọ́ra, wọ́n á di ṣùkù, wọ́n á wúwo, wọ́n á sì rì sí ìsàlẹ̀. Ohun tó wá bá ọ̀rọ̀ àjẹkù wa mu ni pé bí a bá ti fún òróró inú hóró náà tán, pàǹtí tó kù ṣì ní agbára yìí nínú. Àwọn tó ń fún òróró mọ̀ríńgà tà, ẹ má da pàǹtí rẹ̀ nù.

Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó mú èso tó ti gbẹ lórí igi, kó bó èèpo hóró náà, kó gún un kúnná, kó sì jọ̀ ọ́. Fún kẹ́ẹ̀gì lítà 20, ṣíbí kékeré méjì tó ní ìwọ̀n. Bí omi bá rú gan-an, ó lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó pò ó mọ́ omi díẹ̀ tó mọ́ títí yóò fi funfun bíi mílíìkì, kó fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kó dà á sínú omi náà. Kó ro ó kíákíá fún ìṣẹ́jú kan, kó wá rọra máa rò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó sì fi sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà, kó rọra da omi òkè sínú ohun mìíràn tó mọ́.

Ó dín kòkòrò kù, nítorí púpọ̀ nínú wọn máa ń bá ẹrẹ̀ rì. Ṣùgbọ́n kì í pa wọ́n tán. Èyí tó kù á sì tún pọ̀ sí i bí omi náà bá pẹ́ nílẹ̀, nítorí oje hóró yẹn di oúnjẹ fún wọn. Nítorí náà, ẹ sè é kí ẹ tó mu ún, ẹ má sì jẹ́ kó di ọjọ́ kejì.

ỌSÀN WẸ́WẸ́ ÀTI OÒRÙN

Fún ìdọ̀tí èkejì, èso kan wà tó ń jà fún wa, ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Nígbà tí kọ́lẹ́rà jà ní Guinea-Bissau ní àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí rí i pé kọ́lẹ́rà kò fi bẹ́ẹ̀ mú àwọn tó ń fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ wọn. Kíkan rẹ̀ ni kòkòrò kọ́lẹ́rà kò lè fara dà.

Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà tún tẹ iṣẹ́ mìíràn jáde. A ti mọ̀ pé bí a bá rọ omi tó mọ́ lójú sínú ìgò ike tó funfun kedere, tí a sá a sí oòrùn gangan fún wákàtí mẹ́fà, kòkòrò púpọ̀ ń kú. Wọ́n wá rí i pé bí a bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ti tó láti pa irú kòkòrò inú ìgbẹ́ kan rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò mìíràn tó kéré jù ú lọ kò kú bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọsàn wẹ́wẹ́ jẹ́ olùrànlọ́wọ́. Kò lè gba ipò iná, kò sì lè gba ipò kiloríìnì. Kí omi hó kutukutu fún ìṣẹ́jú kan, kí a bò ó, kí a jẹ́ kó tutù: ọ̀nà yìí ló ṣì dájú jù nínú ilé.

ÈÈPO TÓ Ń FA MÁJÈLÉ

A ti dé orí ìdọ̀tí ẹ̀kẹta, ibẹ̀ sì ni òkìkí èèpo èso ti jáde. Ní ọdún 2011, Gustavo Castro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brazil tẹ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n gbẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sì fi fa òjé àti bàbà kúrò nínú omi odò. Ó fà wọ́n dáadáa, wọ́n sì lè lo èèpo kan náà títí dé ìgbà mọ́kànlá kí agbára rẹ̀ tó lọ. Ní ọdún 2013, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì ìjọba Singapore, Ramakrishna Mallampati, fi èèpo tòmátì àti ti ápù ṣe irú rẹ̀. Èèpo ọsàn náà ní agbára yìí. Ìdí rẹ̀ ni pé ara èèpo ní àwọn ibi kéékèèké tí òjé àti bàbà máa ń lẹ̀ mọ́, bí ẹ̀mọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni tó gba inú igbó kọjá.

Èyí tó ti kúrò ní ìdánwò tó sì ti di iṣẹ́ gidi ni èèpo líle, bíi ti àgbọn àti ti ẹ̀kùrọ́. Bí a bá sun wọ́n níbi tí atẹ́gùn kò ti pọ̀, wọ́n á di èédú. Bí a bá tún fi ooru omi gbígbóná janjan ṣiṣẹ́ lórí èédú náà, níbi tí iná ti tó ìwọ̀n 800 sí 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ihò wẹ́wẹ́ tí kò lóǹkà á ṣí nínú rẹ̀. Gíráàmù kan péré, tí kò kún ṣíbí, bí a bá tẹ́ inú ihò rẹ̀ sílẹ̀, á lé ní mítà onígun mẹ́rin 500. Ẹ fojú inú wo pápá tó tó ilé mélòó kan nínú ẹ̀kúnwọ́ èédú! Inú ihò yẹn ni òórùn, àwọ̀ àti ọ̀pọ̀ kẹ́míkà ń há sí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní ọdún 1918, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ àwọn ará ìlú, tó fi mọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, pé kí wọ́n ṣa kóró èso àti èèpo àgbọn jọ. Èédú rẹ̀ ni wọ́n fi sínú ìbòjú tó ń gba àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ olóró. Títí dòní, èédú èèpo àgbọn wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ asẹ́mi tí à ń rà ní owó ńlá.

Ẹ̀yin ará, etí òkun tó kún fún àgbọn kò jìnnà sí wa. Èèpo ẹ̀kùrọ́ wà ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo àti àdín. Ohun tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn mìíràn ń kó o wọ ọkọ̀ òkun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ka kẹ́mísìrì ní pólì, iṣẹ́ wà níbí o.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ewu. Àwọn olùwádìí tí mo dárúkọ wọn kò ju èèpo tútù sínú kànga. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sẹ́ ẹ kúrò nínú omi, wọ́n sì fi ẹ̀rọ yẹ omi náà wò. Èèpo tútù tí a bá jù sínú kànga á jẹrà, kòkòrò á fi ṣe oúnjẹ, omi tó dára díẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì bàjẹ́ pátápátá. Ẹ má ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe é.

Èèpo tó ti fa òjé, òjé ti wà lára rẹ̀. Bí a bá fi bọ́ ewúrẹ́ tàbí a dà á sí oko ẹ̀fọ́, a ti fi ẹsẹ̀ ara wa gbé májèlé náà padà wá sí orí tábìlì ìjẹun. Èédú tí a fi ń yan àgbàdo náà kì í ṣe irú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ asẹ́mi. Kódà, èédú ẹ̀rọ asẹ́mi ń kún bí àpò ṣe ń kún. Bí a kò bá pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò, omi á kàn máa gba orí rẹ̀ kọjá ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwa ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìyẹ̀fun èèpo wá sí ẹnu ọ̀nà ìjọ, tó ní bí a bá ti gbàdúrà sí i, ó ń wẹ gbogbo omi mọ́, ẹ bi í pé: ilé àyẹ̀wò wo ló yẹ̀ ẹ́ wò? Ìgbàgbọ́ kò kọ àyẹ̀wò. Ní ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 2, nígbà tí Èlíṣà da iyọ̀ sí omi Jẹ́ríkò, orísun omi náà ló lọ bá. Kò dúró sí ẹnu ìkòkò.

TA LÓ DA OMI RÚ?

Ọ̀rọ̀ orísun yìí ló gbé wa padà sí Ìsíkíẹ́lì. Ẹ wò ó, nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ, ta ni iṣẹ́ já lé léjìká? Ìyá tó ń gún hóró, bàbá tó ń ra igi ìdáná, ọmọ tó ń sá ìgò sí oòrùn. Ṣé àwọn ló da omi rú? Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Kò tọ́ kí ẹni tó da májèlé sínú odò máa sùn dáadáa, kí opó tó ń ta ọsàn wá máa wá bí yóò ṣe fi èèpo ọsàn fa májèlé náà jáde. Bí èèpo èso bá di àwáwí fún olówó láti má ṣe ohun tó yẹ, ó ti di ohun ìkọ̀sẹ̀.

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Òfin sì wà tó fún onílé lágbára láti má gbà. Ní ọdún 1988, àwọn kan kó pàǹtí olóró láti Ítálì wá sí Kókó, ní ibi tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Lẹ́yìn ìtìjú yẹn ni ìjọba àpapọ̀ gbé òfin àyíká dìde ní ọdún yẹn kan náà. Abala 20 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀. Ní ọdún 2007 ni òfin dá àjọ NESREA sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ní àjọ tirẹ̀, OGEPA. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2010, Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé kéde pé omi tó mọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà gbà pé ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú lè gbé ẹjọ́ wá nítorí omi àdúgbò tí epo bà jẹ́ ní Acha, ìpínlẹ̀ Abia, bí odò náà kò tilẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ náà.

Ilé iṣẹ́ ló lówó láti kọ́ ibi tí wọ́n á ti wẹ omi ẹ̀gbin wọn kí ó tó jáde. Bí wọ́n bá fẹ́ lo èédú èèpo àgbọn tàbí èèpo ọsàn níbẹ̀ láti dín owó kù, inú wa á dùn. Kí wọ́n wá ra èèpo náà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Ibẹ̀ gan-an ni èèpo ti wúlò jù: ní ẹnu páìpù tí májèlé ti ń jáde, kí ó tó dé inú ife ọmọdé.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ìka kan tọ́ka sí ilé iṣẹ́ kí a gbàgbé ìyókù. Ẹni tó gbẹ́ ṣáláńgá ti kànga aládùúgbò, ó ti da omi rú. Mẹkáníìkì tó ń da ọ́ìlì dúdú sí gọ́tà, ó ti da omi rú. Àwa tí à ń dúró de òjò kí a tó da ìdọ̀tí sínú àgbàrá, a ti da omi rú. Ìdájọ́ òdodo bẹ̀rẹ̀ láti ilé Ọlọ́run.

IṢẸ́ TÍ A Ó ṢE

Kí ìpàdé yìí má bàa jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, iṣẹ́ márùn-ún ni mo gbé ka iwájú ìdílé kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ ya pàǹtí èso sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá àti ike. Èyí tó lè jẹrà, ẹ fi ṣe ajílẹ̀. Èèpo àgbọn àti ti ẹ̀kùrọ́, ẹ kó o jọ. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn dé inú gọ́tà.

2. Ẹ sè omi mímu yín, tàbí kí ẹ fi kiloríìnì sí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò rẹ̀. Bí omi bá rú, ẹ kọ́kọ́ mú un tòrò kí ẹ tó ṣe èyí.

3. Ẹ bo kànga yín. Kí ṣáláńgá jìnnà sí i tó ọgbọ̀n mítà, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà.

4. Kí ìdílé mẹ́wàá mẹ́wàá dáwó jọ, kí wọ́n gbé omi kànga kan lọ sí ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n sì béèrè ọ̀rọ̀ òjé ní pàtó pẹ̀lú ti kòkòrò. Bí òjé bá wà níbẹ̀, ẹ má sè é mu. Ẹ wá omi mìíràn fún àwọn ọmọ àti aboyún.

5. Bí ẹ bá rí omi tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà tàbí tí ó ń rùn tó ń jáde sí odò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, mo sì mọ bí ìwé ṣe ń rìn. Ẹ̀sùn tí a fi ẹnu sọ kò ní fáìlì. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ẹ ti rí i, ẹ ya fọ́tò, kí ẹni mẹ́ta fọwọ́ sí i. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín pé àwọn ti gbà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà lọ. Ẹ lọ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, ẹ má bú ẹnikẹ́ni, ẹ má sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ẹ lè dákẹ́.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ tó ń bọ́ wa lè bọ́ lọ́wọ́ wa bí a bá sọ̀rọ̀. Mo mọ ẹ̀rù yẹn, kò sì kéré, pàápàá fún ẹni tó ń gba owó oṣù níbẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí a máa lọ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, kí ọwọ́ má bàa tẹ ẹnì kan ṣoṣo. A kò ní kí ilé iṣẹ́ kó lọ. A ní kí wọ́n wẹ ẹsẹ̀ wọn kúrò nínú omi tí ọmọ òṣìṣẹ́ wọn ń mu.

Omi kò lọ́tàá. Ẹni tó bá sì da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù. Ohun tí a bá ṣe sí kànga àti odò wa lónìí ni àwọn ọmọ wa máa tẹ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a dìde fún àdúrà. Baba wa, a dúpẹ́ fún omi àti fún èso. Dárí jì wá níbi tí a ti fi ẹ̀bùn rẹ ṣòfò. Fún àwọn ìyá wa ní ọgbọ́n, fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní òye iṣẹ́. Fi ọwọ́ kan ọkàn àwọn tó ni ilé iṣẹ́ àti àwọn tó wà ní ipò àṣẹ, kí wọ́n má ṣe fi ẹsẹ̀ da omi àwọn aláìní rú mọ́. Pa àwọn ọmọ wa mọ́ kúrò lọ́wọ́ àrùn àti májèlé. Fún wa ní ìgboyà láti sọ òtítọ́ pẹ̀lú ìfẹ́. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.